Mọ́ Wo Nìyẹn?

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ nínú ìyà náà kò mọwọ́ kò mọsẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń pín ìwé fún iléeṣẹ́ ìlera ni. Alápatà dá a dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ náà, ó bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ̀, ìwé lòun ń pín. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré ni. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀, àgbọ̀n yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ìwé tó kó lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá gbé Alápatà, wọ́n fi kóńdó bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe fún un? Ìyàwó Alápatà ti kú, gbogbo ìlú ló sì mọ ohun tó pa á.

"Ọ̀rọ̀ yẹn" tí mo wí, kò gùn rárá. Mọ́. Ó ṣì wà lórí fóònù olóògbé títí di òní, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n fi òwú tọ́ imú rẹ̀ wò: Àyẹ̀wò yín ti jáde. Ara yín mọ́. Obìnrin náà jó yí ilé ká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ní kíṣìnì ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kó tó pé oṣù kan, òun àti arúgbó mẹ́fà ti wà nínú ilẹ̀. Ara tó mọ́ nìyẹn o!

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìnkú, Alápatà jókòó sí kíṣìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló ń gbé láti ìgbà tí ilé tirẹ̀ ti dá páropáro. Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wò ó," Alápatà ní. "Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó Ilé Aṣòfin ń jókòó lónìí lórí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe. Wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ 'mọ́' yẹn máa wá jẹ́rìí. Mo ti gba ìwé tí mo máa fi wọlé. Kí wọ́n sáà jẹ́ kí n fojú kàn án."

"Bó o bá wá rí i ńkọ́?"

"Ọwọ́ yìí ló máa kú sí." Ó gbé ọwọ́ náà sókè, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n kò mọ ọwọ́ tó jẹ́ pé òun ló ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré.

"Fi ọ̀bẹ sílé."

"Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n mú un wọlé ni? Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mò ń gbá màlúù mú lọ́rùn, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe fún akọ̀wé?"

Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má fi nǹkan kan pamọ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ ọ́.

Ní ilé àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́, Onínù ni wọ́n ń pè é. Bí ará ilé bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á ní, "Nǹkan ni mò ń nù," àbúrò rẹ̀ sì gbà pé ilẹ̀ ló ń nù. Kì í ṣe ilẹ̀. Ìgò kékeré tí wọ́n ń ki òwú sí lẹ́yìn tí wọ́n bá fi tọ́ imú èèyàn, òun ló ń nù. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó wọn dé, òmíràn á ti jò, itọ́ ẹni ẹlẹ́ni á ti yí òmíràn lára. Onínù á fi ọwọ́ ọ̀tún mú aṣọ tó rin fún omi apakòkòrò, á nu ìgò náà láti orí dé ìdí, á fi ọwọ́ òsì kọ MỌ́ sórí ìdérí pẹ̀lú máákà, á sì tì í gba ojú fèrèsé sọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú. Mọ́, ìyẹn ni pé ìta ìgò ti mọ́, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú ìgò, àwọn tinú ló máa sọ ọ́. Ó ti ń kọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé rárá, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí. Kì í tilẹ̀ fi àmì róbótó sábẹ́ lẹ́tà Ọ rẹ̀ bí ti àwọn yòókù, torí omi a máa nu róbótó kúrò. Ìlà gbọọrọ ló máa ń fà síbẹ̀.

Àfi bí Mínísítà ṣe bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí oṣù tó parí, àwọn á máa ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹ̀rún márùn-ún lójúmọ́. Ta ló bi í? Àwọn tinú kò lè ṣe ju ẹgbẹ̀rin lọ, bí wọn ò tilẹ̀ jẹun, bí wọn ò tilẹ̀ tọ̀. Ọjọ́ tí oṣù parí, Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò wọlé, òógùn bò ó, ó ń wo àtẹ ìgò tó tò dé òkè àjà.

"Mélòó ló ti mọ́?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, sà."

"Kọ ọ́ fún mi."

Onínù kọ ọ́ sínú ìwé tó ní kábọ̀nù lábẹ́. Ó kọ iye ìgò tó mọ́, ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: Nínù nìkan. A kò tíì yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀gá kà á, ó buwọ́ lù ú lókè, ó ya ojú ìwé náà lọ, ẹ̀dà abẹ́ kábọ̀nù sì kù sọ́wọ́ Onínù. Kó tó dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ya ìsàlẹ̀ dànù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ìlú pé ara yín mọ́.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá ní ẹ̀ṣẹ̀ Ọ̀gá nìkan ni. Ṣùgbọ́n Onínù dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ìgò ìyàwó àbúrò rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ti gbọ́ pé ara rẹ̀ mọ́, lórí àtẹ, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Wọn ò tíì ṣí i. Ojú ẹsẹ̀ ló ti yé e. Ó wo ìgò, ó wo ẹ̀yìn Ọ̀gá tó ń kọjá lọ. Ó rántí obìnrin kan tó bi Ọ̀gá ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì tì í síta. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ọ̀gá á mọ ohun tó ń ṣe, bóyá wọ́n ti gba òmíràn lọ́wọ́ ìyàwó wa, bóyá èyí bóyá tọ̀hún. Ó mú aṣọ, ó ń nù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, orí sì wọ́.

Kí ló wá ń gbé e lọ sílé aṣòfin? Ìbínú ni, kì í ṣe ìgboyà. Ọ̀gá ti lọ sọ fún àwọn oníròyìn pé àṣìṣe onínù ìgò kan ni gbogbo rẹ̀, pé òpè ni, pé kò mọ ohun tó ń kọ. Onínù ka èyí. Ó pinnu pé èyí tí òun kọ, òun máa sọ ọ́, kódà bí àbúrò òun máa pa òun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí òun rí ní ọjọ́ kejì, ìyẹn máa bá òun dé inú sàréè ni. Àdéhùn tó bá ara rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó sọ fún Alápatà pé ibi iṣẹ́ lòun ń lọ, ó sì fi báńdééjì de ìwé oníkábọ̀nù náà mọ́ ikùn rẹ̀, ó wọ bùláòsì lé e.

Iwájú Ilé Aṣòfin ti gbóná kó tó débẹ̀. Èrò ń ju òkúta, àwọn ọlọ́pàá ń yin tajútajú, fèrèsé ń fọ́ lókè, àwókù rẹ̀ ń já lé àwọn èèyàn lórí. Ọkùnrin kan di ọ̀pá géètì mú, ó ń kígbe orúkọ ìyá rẹ̀, ọlọ́pàá ń fi kóńdó lu ìka rẹ̀, kò tú ọwọ́. Òkúta kan tí kò mọ ẹni tó ń wá bá Onínù níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bọ́ sójú rẹ̀. Ó nù ún. Kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe?

Lórí àtẹ̀gùn inú ilé, ọkùnrin méjì dúró dè é, wọ́n wọ kóòtù, ara wọn ń ta sánsán.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o," ọ̀kan ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n ti ṣe yín léṣe. Ọ̀gá ní ká kí yín."

Ẹnu dùn, àbí? Ó gba báàgì rẹ̀, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, kò rí ìwé kankan. Èkejì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Wọ́n ní Alága ìgbìmọ̀ máa ní kí ẹ kọ̀wé lójú gbogbo ayé, kí wọ́n fi wé ti ara ìgò," ó ní. "Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ ni."

Ó tẹ ọwọ́ náà mọ́ férémù ilẹ̀kùn kan tó wà níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn náà pa. Ìka mẹ́ta kán lẹ́ẹ̀kan náà, Onínù sì pariwo, ariwo tí kò mọ̀ pé òun ní nínú, ariwo ìta sì gbé e mì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tún gbá a pa lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá wọn lójú.

"Ẹ máa lọ sílé, Mà. Ẹ lọ tọ́jú ara yín."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bì. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé ọwọ́ náà, ó dìde, ó gòkè.

Nínú yàrá ìgbìmọ̀, Ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ìdí tábìlì gígùn, omi àti ife wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń tan iná pupa sí i lẹ́nu. Àwọn ará ìlú kún ẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀pá irin pààlà fún wọn. Alápatà jókòó ní ìlà iwájú pátápátá.

"Òṣìṣẹ́ kan lásán ló kọ 'mọ́' sórí ìgò, Alága," Ọ̀gá ní. "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ èdè wa. Bí wọ́n bá ní nǹkan mọ́, ó mọ́ náà nìyẹn. A gbà á gbọ́. Ìgbà tí oṣù fi máa parí, kò sí èyí tí kò mọ́ mọ́."

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, na ìka sókè. "Ẹ forí jì mí, Alága. Mọ́ méjì ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mọ́ wo nìyẹn? Ṣé èyí tó mọ́ tónítóní ni, àbí èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti tán?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Alága, ìyá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ le, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa bi wọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, Akọ̀wé," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn."

Ìgbà náà ni wọ́n pe Onínù. Nígbà tí Alápatà rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wọlé, ẹ wo ọ̀rọ̀ o, ó rò pé ilẹ̀ ló wá nù. Ó tilẹ̀ fẹ́ juwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀jẹ̀ lójú rẹ̀, ó rí i tó jókòó sí àga ẹlẹ́rìí, ó gbọ́ tó ń búra pé òótọ́ lòun máa sọ.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, màmá?" Alága bi í.

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ilé yín níbí ni, Mà. Àwọn méjì tó dúró lẹ́bàá ògiri yẹn ló bá mi tì í."

Gbogbo orí yí sí ògiri. Àwọn méjèèjì ń wo òkè àjà.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ìgò ni mò ń nù." Kò wo ẹ̀yìn. "Èmi ni mo kọ 'mọ́' sára gbogbo wọn. Tónítóní ni, Akọ̀wé. Ìta ìgò ló mọ́ tónítóní, n kò sọ nǹkan kan nípa inú ẹ̀. Mo sì kọ ọ́ fún Ọ̀gá bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì tú báńdééjì lábẹ́ bùláòsì, ó fa ìwé náà yọ, ó tì í sórí tábìlì. Kábọ̀nù ti mú gbogbo rẹ̀: iye ìgò, ìlà méjì ìsàlẹ̀, àti ìbuwọ́lù Ọ̀gá lókè.

"Ayédèrú ni," Ọ̀gá ní kíá. "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ ní kó kọ ọ́ ká rí i." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ̀jẹ̀ ti rin ìborùn ara rẹ̀, ó mi orí bí aláàánú. "Ó mà ṣe o, pé kò ní lè kọ̀wé lónìí."

"Ẹ fún mi ní máákà," Onínù ní.

Ó fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Ẹ má bínú, Alága, pé òsì ni. Ọ̀tún ló ń nù. Ọwọ́ tó bá rin kò ṣe é kọ̀wé, torí náà òsì ló ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀."

Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé funfun kan: MỌ́, ó fa ìlà gbọọrọ sábẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì ẹ̀bá ògiri wo èkejì. Èkejì wo bàtà ara rẹ̀. Alága mú ìgò kan jáde láti inú ọ̀rá, èyí tí ìgbìmọ̀ ti gbà láti yàrá tútù ilé àyẹ̀wò, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí títí dòní. Ó fi ìdérí rẹ̀ wé èyí tí Onínù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àti èyí tó wà nínú ìwé oníkábọ̀nù. Ìlà kan náà ni, gígùn kan náà. Ó wá ka orúkọ ẹni tó ni ìgò náà sókè, orúkọ ìyàwó Alápatà sì ni.

Ọ̀pá irin dún lẹ́yìn. Onínù gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Láti kékeré ló ti mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ó dijú, ó na ọrùn.

Ẹsẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alápatà fa Ọ̀gá ní táì, ó gbá ojú rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó gbé e sókè, ó tún gbá a mọ́ ọn. Ife fọ́, ojú Ọ̀gá sì lọ sórí àwókù rẹ̀ ní ìgbà kẹta. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo yàrá ló gbọ́ bí egungun imú ṣe ń rún. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin dà bo Alápatà, kóńdó ń bọ́ lé e lórí, lé e léjìká, ó sì ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn Ọ̀gá. Wọ́n dà á délẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá ń mí bí ẹni tó ń mu omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!" Alápatà ń pariwo lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀. "Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi bojú! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá wọn lóhùn! Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi!"

Inú Onínù dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn débi pé ìka tó kán kò dùn ún mọ́. Ó bọ́. Àbúrò rẹ̀ kò pa á, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ò ní láti dáhùn ìyẹn, màmá," Alága ní. "Ìjókòó ti parí fún òní."

"N kò mọ̀." Gbogbo ohun tó kù kó sọ nìyẹn. Ó ti wà lórí ahọ́n. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó rí i pé ó máa gbà á gbọ́. Á gbà á gbọ́ títí á fi kú. Á máa jókòó sí kíṣìnì òun láràárọ̀, á máa jẹun òun, á máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n, lórí irọ́ yẹn.

"Mo mọ̀," ó ní.

Iná pupa ṣì ń tàn lẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ọjọ́ kejì ni mo mọ̀, àbúrò mi. Mo rí ìgò ìyàwó wa lórí àtẹ, wọn ò tíì ṣí i. Aago méje àárọ̀ ni. Kò tíì jáde nílé nígbà yẹn, kò tíì lọ síbi iṣẹ́. Fóònù wà lápò mi." Ó fi ọwọ́ òsì kan àpò náà. "Ẹ̀rù bà mí. Mo mú aṣọ, mo ń nù."

Alápatà kò jà mọ́. Ara rẹ̀ rọ̀ pátápátá, débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé ó dákú, wọ́n gbé e dìde. Ó dúró. Ó rìn dé iwájú àga ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò dá a dúró.

"Lù mí," Onínù ní. "Jọ̀ọ́, àbúrò. Lù mí."

Alápatà wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá ti bò. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Ìwọ," ó ní. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò pè é ní ìwọ rí.

Ó yí sí Akọ̀wé.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. N kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Kò bi í pé mọ́ wo nìyẹn.